Ẹ Bèèrè Bí Òkúta Òrùka Yín Ṣe Ga Tó Kí Ẹ Tó Sanwó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn tó ń ta òrùka àdéhùn ìgbéyàwó àti àwọn tó ń bá wọn polówó: wọ́n á ní bí òkúta dáyámọ́ǹdì bá ṣe ga lórí òrùka tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa tàn tó. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí á sọ ohun tí gíga òkúta jẹ́, bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, àti bí ènìyàn ṣe lè yan èyí tó bá ọwọ́ ẹni tó máa wọ̀ ọ́ mu.

Ẹni tó bá lọ ra òrùka á bèèrè kárátì, ìyẹn ìwúwo òkúta, á bèèrè àwọ̀, á bèèrè ìwé ẹ̀rí, á ná ọjà títí ẹnu rẹ̀ á fi gbẹ. Iye mìlímítà tí òkúta fi ga kúrò lára ìka, ẹni tó ń bèèrè rẹ̀ kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n yìí ló máa sọ bóyá obìnrin náà á lè wọ òrùka rẹ̀ lójoojúmọ́, tàbí á máa bọ́ ọ sílẹ̀ títí yóò fi di ti òde nìkan. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa ni pé ọkùnrin ló sábà máa ń dá lọ rà á. Lọ́jọ́ ìdána, wọ́n á ní kí ìyàwó mú ohun tó wù ú láàárín ẹrù, á mú Bíbélì tàbí Kùránì, wọ́n á tú òrùka tí wọ́n so mọ́ ọn, wọ́n á fi sí i lọ́wọ́, ìlù á sì sọ. Ta ni yóò rántí mìlímítà nírú àkókò bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ títàn. Ojú òkúta lókè ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú dáyámọ́ǹdì. Bó bá wọlé, á lu ògiri ìsàlẹ̀ òkúta láti inú, ògiri náà á ta á padà bíi dígí, á sì tún gba òkè jáde sí ojú ẹni tó ń wò ó. Òkúta tí wọ́n gé dáadáa kò nílò kí ìmọ́lẹ̀ ti abẹ́ tàbí ẹ̀gbẹ́ wọlé kí ó tó kọ mànà. Ohun tó ń pa títàn rẹ̀ ni ìdọ̀tí. Ìpara, ọṣẹ, òróró àti òógùn tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí òkúta máa ń ba iṣẹ́ dígí yẹn jẹ́, ìmọ́lẹ̀ á wá yọ́ gba abẹ́ lọ dípò kó padà sókè. Dáyámọ́ǹdì sì fẹ́ràn ọ̀rá ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Ní Kimberley ní Gúúsù Áfíríkà, ní òpin sẹ́ńtúrì 19, tábìlì tí wọ́n fi gírísì pa ni àwọn awakùsà fi ń ṣa dáyámọ́ǹdì: wọ́n á da òkúta àti omi lé e lórí, omi á gbá òkúta yòókù lọ, dáyámọ́ǹdì á lẹ̀ mọ́ gírísì. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ìdáná pẹ̀lú òróró dídín dòdò.

Gbogbo èrè tí òkúta gíga ní níbi títàn ni pé ó rọrùn láti fọ abẹ́ rẹ̀, àti pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà á rí i. Èyí tó kù jẹ́ àṣà. Àṣà náà ní ìbẹ̀rẹ̀: ọdún 1886 ni ilé iṣẹ́ Tiffany ní New York gbé òrùka oní-èékánná mẹ́fà jáde, ìyẹn àwọn ọwọ́ tínínrín tó di òkúta mú, tí òkúta rẹ̀ dúró sókè kúrò lára wúrà. Ṣáájú ìgbà yẹn, inú wúrà ni wọ́n sábà máa ń ri òkúta sí. Òrùka náà rẹwà, a kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ọwọ́ tí kì í fọ abọ́ mu lè má bá ọwọ́ tó ń gún iyán mu.

Nísinsìnyí, ìṣirò. Dáyámọ́ǹdì róbótó dà bí òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta: ojú rẹ̀ tẹ́jú lókè, ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó nísàlẹ̀, ibi tó ti fẹ̀ jù ni ìbàdí rẹ̀. Ìbàdí yìí ni àwọn èékánná wúrà ń gbá mú. Òkúta kárátì 1 máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 6.5, gíga rẹ̀ láti ṣóńṣó ìdí dé ojú sì máa ń tó mìlímítà 4. Nínú mẹ́rin yìí, bíi 2.8 ló wà nísàlẹ̀ ìbàdí, bíi 1 ló wà lókè rẹ̀, ìbàdí fúnra rẹ̀ ló ni èyí tó kù. Òkúta ìdajì kárátì ń fẹ̀ tó mìlímítà 5.2, ó sì ga tó 3.2. Ti kárátì 2 ń fẹ̀ tó 8.1, ó ga tó 5. Ẹ kíyè sí i pé kárátì di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kò di ìlọ́po méjì; ìwúwo ni kárátì, kì í ṣe ìwọ̀n ojú. Kárátì tí wọ́n fi ń pe wúrà tún yàtọ̀ pátápátá: wúrà kárátì 18 jẹ́ èyí tí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ wúrà gidi.

Bí alágbẹ̀dẹ wúrà bá ń sọ gíga òrùka, láti inú òrùka níbi tó ti kan awọ ara ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, kó sì parí sí ojú òkúta. Àwọn ilé ìtajà kan kì í wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn wúrà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í ka nínípọn ara òrùka mọ́ ọn, nínípọn náà sì sábà máa ń tó mìlímítà 1.8. Ìdí nìyẹn tí òrùka tí wọ́n pè ní mìlímítà 5 ní ṣọ́ọ̀bù kan fi máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 7 ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Bí wọ́n bá dárúkọ iye kan fún yín, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ẹ mú òkúta kárátì 1 sórí ara òrùka tó nípọn mìlímítà 1.8. Bí ṣóńṣó ìdí òkúta bá dúró ní mìlímítà 0.3 lókè ẹ̀yìn wúrà, 1.8 àti 0.3 àti 4 jẹ́ 6.1. Èyí ni a ń pè ní àárín méjì: kò ga, kò sì rẹlẹ̀. Bí alágbẹ̀dẹ bá gé ojú ara òrùka sílẹ̀ kí ìdí òkúta lè rì sínú rẹ̀, tó wá ku 0.8 láàárín ṣóńṣó àti awọ ìka, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 4.8. Òkúta kárátì 1 tó bá ti rẹlẹ̀ ju èyí lọ, ẹ fura sí i, nítorí ṣóńṣó ìdí kò gbọ́dọ̀ kan ara láéláé, ìka a sì máa wú lásìkò ooru. Bí ó bá ti kọjá 7, ó ti di òrùka gíga.

Ìṣirò kan náà fún ìdajì kárátì jẹ́ 5.3, fún kárátì 2 ó jẹ́ 7.1. Nítorí náà, mìlímítà 7 lábẹ́ òkúta ńlá jẹ́ ohun tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n lábẹ́ òkúta kékeré, wúrà lásán ni wọ́n fi gbé e sókè bí ọmọdé tó gun àpótí kó lè ga. Ẹni tó bá rí òrùka kárátì 1 nínú àwòrán, tó wá ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ fún òun pẹ̀lú kárátì 2, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé gíga rẹ̀ máa yí padà, yálà wọ́n sọ fún un tàbí wọn kò sọ.

Mìlímítà kì í yé ojú bí wọ́n bá ń pè é lẹ́nu. Ẹ kó káàdì ATM jọ, àwọn tí nọ́ńbà wọn kò yọ gọnbu síta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn mìlímítà 0.76. Mẹ́fà tí ẹ bá tò léra jẹ́ bíi 4.6, mẹ́jọ jẹ́ bíi 6.1, mẹ́wàá jẹ́ 7.6. Ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ìka yín kí ẹ wò ó. Ìyàtọ̀ káàdì méjì péré, tó dà bí ohun tí kò tó nǹkan lórí tábìlì, lè mú kí ìka má wọ àpò ṣòkòtò mọ́ láìfa nǹkan.

Èyí tó tún dára ju káàdì lọ ni kí ẹ ra òrùka ayédèrú kan lọ́jà, èyí tí gíga rẹ̀ sún mọ́ ti èyí tí ẹ fẹ́ ṣe, kí obìnrin náà wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kó fi fọ aṣọ, kó fi di irun, kó fi wọ ìbọ̀wọ́, kó fi wé gèlè, kó fi wẹ ọmọ bó bá ní. Kó má bọ́ ọ àfi tó bá fẹ́ sùn. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta bá fi pé, kò tún sí ẹni tó máa kọ́ ọ ní ohun tó fẹ́. Bí ọkùnrin bá fẹ́ kó jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu, kó fi ọgbọ́n bi àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó sì wo òrùka tí obìnrin náà ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀: èyí tó bá ń wọ̀ lójoojúmọ́ ni kó fi ṣe ìwọ̀n, kì í ṣe èyí tó fi pamọ́.

Kí ló ń bàjẹ́ lára òrùka gíga? Àkọ́kọ́ ni èékánná. Bí òkúta bá kọ lu ilẹ̀kùn mọ́tò tàbí etí káńtà, agbára ìkọlù náà á fẹ́ tẹ èékánná láti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí èékánná bá ṣe gùn tó ni agbára náà ṣe ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Èyí tó gùn ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹ nínú ìyà náà. Kò ní kán lójijì. Á kàn ṣí díẹ̀, òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò sì ní mọ̀ títí ọjọ́ tó máa rí ihò òfìfo lórí òrùka. Fún òkúta kárátì 1, ó yẹ kí èékánná kọ̀ọ̀kan nípọn tó mìlímítà 1 kí wọ́n tó rọra fá orí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbé e ga ju 7 lọ, ẹ ní kí wọ́n lo mẹ́fà dípò mẹ́rin. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin bá ṣí, òkúta lè yọ. Bí ọ̀kan nínú mẹ́fà bá ṣí, márùn-ún tó kù á sábà dì í mú títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Òrùka fàdákà ni kí ẹ má tilẹ̀ gbé ga rárá, fàdákà rọ̀ jù fún èékánná gígùn.

Òkúta fúnra rẹ̀ náà lè là. Òótọ́ ni pé kò sí òkúta tó lè họ dáyámọ́ǹdì àfi dáyámọ́ǹdì bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n líle kì í ṣe àìlèlà. Ó ní ọ̀nà mẹ́rin tó lè gbà là, bí igi tí ìlà ara rẹ̀ tọ́ tí àáké kan á fi pín in sí méjì. Ibi tó ti tínrín jù ni ìbàdí rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń kọ lu nǹkan bí ó bá ga. Òkúta onígun mẹ́rin tí igun rẹ̀ mú léwu ju róbótó lọ. Igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ ní èékánná tí wọ́n ká bíi fìlà bò ó lórí. Èyí tó gùn bí ẹyin máa ń rẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ti kárátì 1 kì í sábà ga ju bíi mìlímítà 3.4 lọ, nígbà tó sì jẹ́ pé lójú ó máa ń dà bíi pé ó tóbi ju róbótó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ òkúta tó hàn ketekete tí kò sì fẹ́ gíga, èyí ni kó kọ́kọ́ wò.

Léèsì ni ọ̀tá kejì. Kò sí ìlú mìíràn tí òrùka ti ń bá léèsì jà tó ti wa. Èékánná tó ga, tí orí rẹ̀ kò sì dán, á fa òwú aṣọ ẹbí yọ, á tún ṣí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lè sọ ìṣòro yìí di ìdánwò: ẹ fi òwú funfun tó rí wúruwùru fa orí òkúta kọjá ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá fi díẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ èékánná kan, èyíinì ti ṣí, ẹ má wọ̀ ọ́ mọ́ títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ tún gbé òrùka sí etí kí ẹ fi ìka gbá a jẹ́jẹ́. Òkúta tó bá ń ró ti ń mì.

Ẹ̀kẹta ni yíyí. Òkúta tó wúwo lókè lórí ara òrùka tó tínrín á máa ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, á sì máa fín ìka kejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òrùka náà tóbi, wọ́n á ní kí wọ́n dín in kù, lẹ́yìn náà kò ní gba oríkèé ìka kọjá mọ́. Gíga ló fà á, kì í ṣe títóbi. Ara òrùka tó fẹ̀ tó mìlímítà 2 ló yẹ òkúta kárátì 1, ti kárátì 2 sì yẹ kó sún mọ́ 2.5. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, alágbẹ̀dẹ lè lẹ hóró wúrà kékeré méjì mọ́ inú òrùka nísàlẹ̀, wọ́n á di ìka mú díẹ̀, òkúta á sì dúró sókè.

Èyí tó rẹlẹ̀ náà ní àbùkù tirẹ̀, a kò ní fi bò. Abẹ́ rẹ̀ ṣòro láti fọ̀. Bí ṣóńṣó ìdí bá rì sínú wúrà, tí ihò abẹ́ rẹ̀ sì kéré, ìpara á kún ibẹ̀ á sì le bí amọ̀. Ẹ rí i dájú pé wọ́n ṣí abẹ́ orí òrùka sílẹ̀ kí búrọ́ọ̀ṣì lè wọ ibẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ irú tí wọ́n fi etí wúrà yí òkúta ká dípò èékánná. Irú tí wọ́n yí ká yìí ni a fẹ́ràn jù fún àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́: kò fa léèsì, kò họ ọmọ, kò sì sí èékánná tó máa ṣí. Àwọn kan máa ń ní kì í jẹ́ kí òkúta hàn. Ìbàdí nìkan ló bò, ojú òkúta ṣì wà níta gbangba.

Àbùkù èyí tó rẹlẹ̀ tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù, tí kì í sì í hàn títí ọjọ́ ìgbéyàwó fi kù dẹ̀dẹ̀, ni òrùka ìgbéyàwó, ìyẹn òrùka kejì tí wọ́n máa ń wọ̀ ti òrùka àdéhùn lórí ìka kan náà. Òkúta kárátì 1 fẹ̀ ní 6.5, ara òrùka fẹ̀ ní 2. Èyí túmọ̀ sí pé òkúta yọ síta ní mìlímítà 2.25 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òrùka ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ ibi tó yọ yìí kó tó lè fara ti èyí àkọ́kọ́. Bí òkúta bá wà ní 6.1, ìbàdí rẹ̀ ga tó 4.9 kúrò lára ìka, òrùka ìgbéyàwó tó nípọn 1.8 á sì rí àyè kọjá, bí agbọ̀n wúrà tó gbé òkúta bá tín-ín-rín nísàlẹ̀. Ní 4.8, ìbàdí ti sọ̀ kalẹ̀ sí 3.6, agbọ̀n náà á sì ti fẹ̀ ní ibi tí òrùka kejì fẹ́ gbà. Méjèèjì kò ní fara kanra. Àlàfo á wà láàárín wọn, tàbí kí òrùka kejì máa ha agbọ̀n títí á fi jẹ ẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tò yí abẹ́ òkúta ńlá ká lóde òní máa ń dá kún un, nítorí wọ́n gba àyè gan-an níbi tó yẹ kí òrùka kejì dúró sí, ìdọ̀tí sì fẹ́ràn àárín wọn.

Ọ̀nà àbáyọ kò ju bíi mẹ́ta lọ. Kí wọ́n gbé orí òrùka sókè ní ìdajì mìlímítà sí mìlímítà 1, èyí tó máa ń tó. Kí wọ́n ṣe òrùka ìgbéyàwó tó tẹ̀ kọ̀rọ̀ níwájú kó lè yẹ̀ fún òkúta. Tàbí kí ẹ gba àlàfo náà bẹ́ẹ̀; kò sí òfin tó ní kó má wà. Èyí tó bá wù kó jẹ́, ẹ gbé òrùka ìgbéyàwó dání, tàbí ìwọ̀n rẹ̀ ó kéré tán, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń yan gíga. Ẹni tó bá fẹ́ òrùka ìgbéyàwó olókùúta yípo kó rántí pé irú rẹ̀ sábà máa ń nípọn ju ti wúrà lásán lọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló yẹ kó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí iye tí ẹ máa mú. Aṣerunlóge, aránṣọ, olóúnjẹ, ìyálọ́jà tó ń fi ọwọ́ wọ inú àpò gàrí, ìyá ọmọ jòjòló: kí wọ́n má kọjá 5.5 fún kárátì 1, irú tí wọ́n fi wúrà yí ká sì dára jù. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì lè lọ dé 6.5 láìsí wàhálà. Àwọn nọ́ọ̀sì wa tó wà ní Ìlú Ọba ní ọ̀rọ̀ tiwọn lọ́tọ̀. Òfin ìmọ́tótó àwọn ilé ìwòsàn ìjọba (NHS) níbẹ̀ ní kí ọwọ́ wà ní ìhòhò láti ìgbọ̀nwọ́ sísàlẹ̀ lẹ́nu ìtọ́jú aláìsàn, òrùka pẹlẹbẹ kan ṣoṣo tí kò lókùúta ni wọ́n sì ń gbà láyè. Kò sí gíga kankan tó máa mú òkúta kọjá òfin yẹn, ìbáà rẹlẹ̀ bí ilẹ̀. Ẹni tó ń fẹ́ nọ́ọ̀sì kó náwó lé òrùka ìgbéyàwó pẹlẹbẹ tó dára, kó sì ra ẹ̀wọ̀n ọrùn fún òrùka olókùúta náà.

Moissanite, òkúta tó jọ dáyámọ́ǹdì tí wọ́n ń ṣe ní ilé ẹ̀rọ, tó kún ọjà báyìí, kò yí ìṣirò yìí padà, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ ju dáyámọ́ǹdì lọ, nítorí náà ẹ fi mìlímítà rà á, ẹ má fi kárátì rà á. Dáyámọ́ǹdì tí wọ́n ṣe ní ilé ẹ̀rọ kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n wà nílẹ̀ ní ti ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí.

Bí ẹ bá ti ra èyí tó ga jù ńkọ́? Bí orí rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n kàn gbé ka ara òrùka, alágbẹ̀dẹ lè yọ ọ́, kó gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú tàbí kó fi orí kúkúrú rọ́pò rẹ̀. Bí ara òrùka bá gòkè lọ́tùn-ún lósì bí òpó ṣọ́ọ̀ṣì láti gbé òkúta dúró, kò ní ṣe é rẹ̀ sílẹ̀. Àtúnṣe ni wọ́n á ṣe fún gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yọ òkúta kí wọ́n tó fi iná sí i. Bí iná bá pọ̀ lára dáyámọ́ǹdì tí wọn kò fi nǹkan pa, ojú rẹ̀ lè ṣú bíi dígí tí èémí bò. Èyí tí wọ́n ti fi dígí dí sísán inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fojú kan iná rárá, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ fún alágbẹ̀dẹ bí irú rẹ̀ bá ni tiyín.

Fífọ̀ kò ná yín ní nǹkan kan. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú abọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín ọmọdé tó rọ̀ fọ abẹ́ rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Nínú abọ́ ni o, kì í ṣe lórí ihò omi. Òrùka gíga lè gba ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, èyí tó rẹlẹ̀ kó gba ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ má fi omi aṣọ funfun tó ní kulorín sún mọ́ ọn, ó máa ń jẹ wúrà tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ irin mìíràn, èékánná ló sì máa ń kọ́kọ́ kán. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí alágbẹ̀dẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 wo orí èékánná kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìwọ̀n márùn-ún sínú rìsíìtì pẹ̀lú kárátì: gíga láti awọ ìka dé ojú òkúta, nínípọn ara òrùka, fífẹ̀ rẹ̀, àyè tó wà láàárín ṣóńṣó ìdí òkúta àti awọ ìka, àti nínípọn òrùka ìgbéyàwó tó lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Alágbẹ̀dẹ tó ní irin ìwọ̀n lọ́wọ́ kò ní lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lórí rẹ̀. Èyí tó bá ní kò pọn dandan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀lé e.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà kan, Ìbàdàn